Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹjẹrẹ próséètì, ẹ má fọ̀rọ̀ egungun ṣeré

Bí ẹ̀yìn tàbí ìbàdí bá ń dun bàbá àgbàlagbà, ohun tí wọ́n sáábà máa ń sọ nílé ni pé làkúrègbé ni, kí wọ́n wá òróró fi wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fún ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próséètì rẹ̀ ti tàn kálẹ̀, ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Próséètì ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Jẹjẹrẹ rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nínú èyí tó ń bá àwọn ọkùnrin jà ní Nàìjíríà. Tó bá kúrò níbẹ̀, inú egungun ló sáábà máa ń gbà lọ: ọ̀pá ẹ̀yìn, ìbàdí, ìhà àti itan.

Ìtọ́jú rẹ̀ náà tún ní ọ̀ràn tiẹ̀. Lọ́dún 1941 ni Charles Huggins àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé họ́mónù ọkùnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Látìgbà náà làwọn dókítà ti ń dín họ́mónù ọ̀hún kù, yálà nípa yíyọ kórópọ̀n tàbí nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní oṣù díẹ̀ síra. Àmọ́ họ́mónù yìí kan náà ló ń mú kí egungun lágbára. Tó bá ti lọ sílẹ̀, egungun á máa di ẹlẹgẹ́, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́. Kí bàbá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lásán, itan lè kán.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n yẹ egungun wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un wò lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ DEXA ló ń wọn bí egungun ṣe ki tó. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní bone scan ló ń wá ibi tí jẹjẹrẹ dé. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, nítorí náà kí ẹni tó wà lábúlé béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́ zoledronic acid tàbí denosumab. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ eyín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí abẹ́rẹ́ náà lè ba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́. Nílé, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ tegungun-tegungun, wàrà àti ìrìn rírìn dára, kí bàbá sì jáwọ́ nínú sìgá.

Èyí tó wá léwu jù ni kí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tàbí kó kú tipiri, tàbí kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ má ṣeé dá dúró mọ́. Jẹjẹrẹ lè ti máa fún okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn pa. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ilé atẹgungun. Bí wọ́n bá tètè débẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bàbá ṣì máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.