Òjò Dídì Tí Kì Í Wo Kàlẹ́ńdà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Ń Lọ Wẹ Ọmọ ní Amẹ́ríkà

Láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn ìyá àgbà ti máa ń wá sí dìsípẹ́ńsárì kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, nítorí pé ọmọ wọn bímọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún un. Wọ́n á béèrè bóyá wọ́n lè gbé ọṣẹ dúdú àti ẹ̀gúsí wọ ọkọ̀ òfuurufú. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń béèrè nípa òtútù. Wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn Kérésìmesì ni òtútù wọn ń mú, n ó ti padà dé.” Ẹ̀yin ìyá wa, òjò dídì kì í wo kàlẹ́ńdà kí ó tó rọ̀.

Yìnyín tí a mọ̀ nílé níhìn-ín máa ń ró gbàgà-gbàgà lórí páànù. Òjò dídì tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òwú ni ó ń rọra bọ́, kò sì pariwo. Ẹni tí kò rí i rí á rò pé ohun fífúyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tètè dé, nígbà tí ojú ọjọ́ kò tíì tutù tán, omi a máa pọ̀ nínú rẹ̀, a sì máa wúwo. Ewé ṣì wà lórí igi ní àkókò náà. Ewé á gbé òjò dídì dúró, ẹ̀ka á ya, á sì wó lu wáyà iná. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ní ìlú Buffalo ní ọjọ́ 12 àti 13 oṣù kẹwàá ọdún 2006, nígbà tí òjò dídì tí ó ju ínṣì 20 lọ bo ilẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2011 ní apá ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà. Iná kú ní ilé àti ilé-iṣẹ́ tí ó ju mílíọ̀nù 3 lọ, àwọn ará Connecticut mìíràn sì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú òkùnkùn àti òtútù.

Ẹ ó béèrè pé, ṣé àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kò rí i kí ó tó dé ni? Wọ́n ń rí i. Èyí tí ó ṣòro fún wọn láti sọ ni iye tí yóò bọ́ sí àdúgbò kan pàtó. Ìwọ̀n 0 Celsius ni omi ń dì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, ojú ọjọ́ a máa rọ̀gbà yí ìwọ̀n yìí ká, nítorí náà bí ó bá fi dígírì kan tàbí méjì gbóná sí i, òjò lásán ni yóò rọ̀. Bí ó bá fi bẹ́ẹ̀ tutù, òjò dídì ni. Etí òkun a máa gbóná ju orí òkè lọ. Nínú ìjì ọdún 2011 tí mo wí yìí, bí ínṣì 3 péré ni wọ́n wọ̀n ní Central Park ní New York, ṣùgbọ́n ní ìlú Peru tí ó wà lórí òkè ní Massachusetts, ó tó ínṣì 32.

Ti Buffalo tún yàtọ̀. Adágún ńlá tí ń jẹ́ Erie ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi adágún náà ṣì gbé ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dání. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá gba orí rẹ̀ kọjá, ọ̀rinrin á gòkè bí oruku omi gbígbóná ṣe ń gòkè nínú ìkòkò ní àárọ̀ ọyẹ́, á di ìkùukùu, á sì dà sílẹ̀ ní ọ̀nà tóóró kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó tó ínṣì 80 ní Orchard Park, ní gúúsù Buffalo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará apá àríwá kò rí ju díẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí díẹ̀, àdúgbò mìíràn ni yóò kàn. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní wọ́n sọ pé ó lè jẹ́ ínṣì 2, ó sì lè jẹ́ 10, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín pé òyìnbó kò mọ nǹkan. Ẹ múra sílẹ̀ de 10. Bí wọ́n bá kéde Winter Storm Watch, ó ń bọ̀ ṣùgbọ́n kò tíì dájú. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ ra oúnjẹ àti oògùn. Bí ó bá di Warning, kí olúkúlùkù wà nílé.

Òjò dídì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí a ń ṣe nítorí rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti Èkó mọ ọ̀ràn jẹnẹrétọ̀ dáadáa. Bí iná bá kú lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé e sínú gáréèjì, tàbí kí wọ́n dáná èédú nínú ilé láti yá ooru. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide á kún ilé, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó pa ènìyàn ní Connecticut ní ọdún 2011. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má ṣe sọ pé ibà ni. Ẹ jáde síta kíá, òtútù tàbí kò sí òtútù, kí ẹ sì pe 911. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìta. Mọ́tò náà ńkọ́? Bí òjò dídì bá dí páìpù èéfín rẹ̀, ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ wà nínú ewu kan náà.

Èkejì ni ṣọ́bìrì. Nínú ìjì Buffalo ọdún 2022, àwọn aláṣẹ kéde pé ènìyàn méjì kú nítorí ọkàn wọn nígbà tí wọ́n ń kó òjò dídì. Òtútù a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Ẹ wá gbé ẹrù wúwo lé e. Màmá tàbí Bàbá tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́bìrì, ì báà jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n láti jókòó máa wo àna wọn. Kí ọ̀dọ́ tí yóò ṣe é máa tì í, kí ó má gbé e, kí ó sì máa sinmi. Bí àyà bá fún un mọ́ra, kí ó dá ọwọ́ dúró.

Ara àgbà àti ti ọmọ tuntun kì í tètè gbóná. Bí ooru ara bá lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ẹni náà á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á lọ́ lẹ́nu rẹ̀, oorun á máa kùn ún; ti àgbà, wọ́n á rò pé arúgbó ló ń ṣe é. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ẹ fún un ní ohun gbígbóná mu bí ojú rẹ̀ bá dá, kí ẹ sì pe dókítà. Ẹ má ṣe fún un ní ọtí. Ọtí a máa jẹ́ kí ara dà bí ẹni pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń jáde lọ. Ọmọ ìka tí òtútù bá bà jẹ́ kì í pọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú. Eérú ni ó ń jọ, á le, kò sì ní mọ nǹkan lára mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ kì í bọ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì yá a níná.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, ti rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Òtútù àti àìmu omi tó ni ó sábà máa ń gbé ìrora náà dìde. Aṣọ méjì mẹ́ta lórí ara wọn, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀, omi mímu nígbà gbogbo, àti oògùn ìrora tí dókítà kọ fún un, kí gbogbo rẹ̀ ti wà nílé kí ọ̀nà tó dí. Bí ibà rẹ̀ bá tó 38.5, ẹ má ṣe dúró kí òjò dídì dá.

Ẹ gbé oògùn yín sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí tí ó lè sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí ó tó oṣù tí ẹ ó lò, kí ó tún lé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ń gún ínsúlínì kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò mọ́jú. Bí ó bá ti dì, kódà bí ó bá yọ́ padà, dídànù ni.