Ta ló borí nínú Ogun Kírìjì? Erùpẹ̀ ni!

Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ìbàdàn bá jókòó pọ̀, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé ta ló borí nínú ogun Kírìjì. Àríyànjiyàn ò ní tán! Èmi tí mò ń gbé l'Óṣogbo, tèmi ni pé erùpẹ̀ ló borí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ. Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣáájú, pàgọ́ sápá Ìmẹ̀sí-Ilé. Àgọ́ yìí kì í ṣe àtíbàbà o. Wọ́n fi amọ̀ kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Àgọ́ di ìlú olódi.

Ọgbọ́n odi àti yàrà ò le. Bí ẹ bá gbẹ́ yàrà tó jìn ní mítà 2, tí ẹ wá fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi mítà 2 sápá inú, ọ̀tá tó bá kó sínú yàrà á máa wo mítà 4 lókè orí rẹ̀. Iṣẹ́ kan, èrè méjì!

Ìbọn ńkọ́? Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti Èkó, èyí tí wọ́n ń kì láti ìdí, kì í ṣe láti ẹnu bíi ṣakabùlà. Ìró ìbọn ni wọ́n ní ó bí orúkọ "Kírìjì". Ṣùgbọ́n bí ọta bá wọ erùpẹ̀, àìmọye hóró yanrìn ló máa fara gbún, agbára rẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn sójà fi ń to àpò yanrìn títí dòní. Ẹni tó sá jáde sí gbangba ló ń kú. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi ń bẹ láàyè. Ohun kan náà ló há àwọn ọmọ ogun Yúróòpù mọ́nú yàrà láti 1914 sí 1918.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ á wà lábẹ́ Ìbàdàn, àmọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó kúrò. Ẹ rò ó wò ná: kéèyàn yàn láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti òmìnira! Síbẹ̀, ó di 1893 kí Gómìnà Carter tó tú àwọn ọmọ ogun ká.

Lónìí, àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà ti jọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òjò ò sì mọ ìtàn, ńṣe ló ń wọ́ odi lọ. Bí ẹ bá rí kòtò gbọọrọ nínú igbó lápá ibẹ̀, ẹ bi àgbàlagbà kí ẹ tó da ilẹ̀ sí i.