Àkeekèé Kékeré Tí Ń Pani

Bí àgbẹ̀ bá ń roko ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Fìdítì, tàbí tí ó ṣí òkúta nílẹ̀, nígbà mìíràn a bá àkeekèé ńlá dúdú pàdé. Àwọn kan ń pè é ní òjògán. Ó lè gùn tó ínṣì 8, ẹ̀rù rẹ̀ a sì máa bani. Ṣé òun ni ó burú jù nínú gbogbo àkeekèé? Rárá o.

Àkeekèé ńlá yìí wà ní ilẹ̀ wa, ní Tógò, ní Gánà, títí dé Sẹ̀nẹ̀gà. Ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ yìí ni ó fi ń fọ́ kòkòrò tí ó fẹ́ jẹ, nítorí náà kì í sábà lo oró. Bí ó bá ta àgbàlagbà, yóò dùn ún, ibẹ̀ yóò wú, ṣùgbọ́n kì í sábà pani.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba Kánò kọjá sí ilẹ̀ Niger, tí kò dúró, yóò dé aṣálẹ̀ Sàhárà. Àkeekèé kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí iyanrìn, tí gígùn rẹ̀ kò ju ínṣì 3 tàbí 4 lọ. Leiurus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò lè fi fọ́ nǹkan, nítorí náà oró ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá ta ọmọdé, òógùn a bo ọmọ náà, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, a máa bì, ọkàn rẹ̀ a máa sáré, mímí a sì ṣòro fún un. Ọmọdé ni ó sì máa ń kú jù, nítorí oró tí ó wọ ara àgbà náà ni ó wọ ara kékeré tiwọn.

Ẹ má fi àwọ̀ ṣe àmì o, nítorí àkeekèé dúdú kan wà ní Mòrókò tí òun náà ń pani. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìrù rẹ̀ sì nípọn, ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àkeekèé ń ta ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 1 lọ lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, àti pé àwọn tí ń kú ju 3,000 lọ.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ gbọn bàtà àti aṣọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tàbí ìdí igi ìdáná. Bí ó bá ta ènìyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e. Ẹ má fi abẹ là á, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má sì so ó le. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí àmì tí a kà sókè yìí bá hàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Àwọn àgbà wa kúkú ti wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.