Ìwé Àwìn Kì í Bá Ọmọọṣẹ́ Lọ

Nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Sabon Gari, ní Kánò, ìwé àwìn kì í kúrò lórí káńtà. Ọmọọṣẹ́ lè ṣe fírídọ̀mù kó sì máa lọ. Ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ yóò ṣí ìwé kan náà, yóò rí i pé oníbàárà tó wá láti Wudil ṣì jẹ gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ ni sáfà, ẹ̀rọ tí ń fi ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí fóònù wa, ṣe ń ṣe. Ẹ wo Nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí kì í tajà. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló ń dá oníbàárà lóhùn. Bí alábòójútó bá yí ìlànà padà, tó sì ní kí a ṣe àtúntò, ọ̀gá á pe ọmọ tuntun wọlé. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ á parí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn á sì lọ. A ò lé ẹnì kankan.

Iye ìgbà tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ti kanlẹ̀kùn sáfà, èyí tí a fi ń dá olè mọ̀, kò sí lórí ọmọ kankan. Inú ìwé àjọni ló wà, nínú mẹ́mórì. Mẹ́gábáìtì 1 péré lè gba nǹkan bí 16,000 àkọsílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 64. Báírò kan ṣoṣo ló so mọ́ ìwé náà, kí ọmọ méjì má baà kọ̀wé lé ara wọn lórí. Àmọ́ bí ẹ bá yí ìwọ̀n ìwé náà padà, òfìfo tuntun ni Nginx yóò ṣí: olè tí a ti dá mọ̀ yóò padà di àlejò. Bí iná bá sì lọ, gbogbo rẹ̀ parẹ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti Apache, sáfà mìíràn tó ní ọ̀gá, ọmọọṣẹ́ àti ìwé àjọni tirẹ̀. Ní 2019, Charles Fol, olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé ọmọọṣẹ́ burúkú lè kọ irọ́ sínú ìwé àjọni. Bí àtúntò bá dé, ọ̀gá, tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, á kà á, á sì ṣe ohun tí irọ́ náà wí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àtúntò yìí ń wáyé fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ẹ̀dà Apache 2.4.17 títí dé 2.4.38 ni àléébù náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó sáfà Apache, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ tiyín wò lónìí. Bí kò bá tíì tó 2.4.39, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀.