Ọkọ̀ Agbáláìsàn Àtijọ́: Báwo La Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láì Pa Ìtàn Rẹ̀?

 

Nínú ìsinmi tó kọjá, mo rí ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ọkọ̀ agbáláìsàn àtijọ́ kan, Land Rover, ti wà lẹ́yìn ilé kan ládùúgbò wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò ní táyà mọ́, koríko ti hù láti inú rẹ̀ jáde, ewúrẹ́ sì ti sọ ọ́ di ilé. Àwa ọmọdé máa ń fi ṣeré: ẹnì kan á jẹ́ dírẹ́bà, ẹnì kan á jẹ́ dókítà, ẹni tó bá kéré jù láàárín wa ló máa ń jẹ́ aláìsàn. Ọ̀dà funfun ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀dà yẹn bá ti ṣí, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, irú ti àwọn ṣọ́jà, ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn bola jari dé. Gbogbo wa ní Jos la mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri láti ra irin àlòkù. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gé ọkọ̀ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo bi bàbá tó ń wọn irin náà pé ṣé ó mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, tó bá ti dórí òṣùwọ̀n, kò sí ọkọ̀ mọ́. Irin ló wà.” Ó wá ju irin pẹlẹbẹ kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Wọ́n kọ orúkọ Rover Company sí i, wọ́n kọ Solihull, England, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà kan sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi yára gé e. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Land Rover ní 1948, irin kò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́dì rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, owó rẹ̀ sì ju ti irin lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra àlòkù. Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà pẹ́ láyé ló tún pa á.

Bùrọ̀dá mi tó ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Bukuru ní ká ní a tètè sọ fún òun ni, ọkọ̀ yẹn ṣì lè dìde. Èmi ò gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí wọ́n ṣe ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí tiwa ti lọ, ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tún ṣe ní òkè òkun ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni Katy.

Ta ni Katy?

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Austin K2/Y. Iléeṣẹ́ Austin ní Longbridge, nílùú Birmingham, ló ṣe é láti 1940 sí 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 13,000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 60, epo bẹtiróò ló sì ń mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba aláìsàn mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ tàbí mẹ́wàá tó jókòó. Iwájú níbi tí dírẹ́bà ń jókòó kò ní ilẹ̀kùn gidi, aṣọ tapólì ni wọ́n fi ta á. Àbí ẹ ò rí i? Aláìsàn wà nínú ilé, dírẹ́bà wà nínú òtútù.

Ọmọbabìnrin Elizabeth wà lára àwọn tó kọ́ iṣẹ́ dírẹ́bà àti mẹkáníìkì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú irú ọkọ̀ yìí. Òun náà ló padà di ọbabìnrin, tó wá sí Nàìjíríà ní 1956, tó sì dé Jos níbí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé ọkọ̀ òyìnbó, ogun òyìnbó, kí ló kan ọmọ Yorùbá? Ó kàn wá dáadáa. Ẹ gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Burma pẹ̀lú Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní àfonífojì Kaladan tí wọ́n ti jà, igbó ni, òkè ni, odò ni. Orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Katy kankan ò lè dé ibẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáàn ba dè wọ́n létí odò, wọ́n yìnbọn sí wọn. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan Fadoyebo. Òun tó wá tọ́jú aláìsàn di aláìsàn, kò sì sí ọkọ̀ tó lè gbé e. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, fara pamọ́ sínú igbó, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti bọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi rí wọn ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kú ní 2012. Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí, tí mo bá rí àgbélébùú pupa lára ọkọ̀ àtijọ́, ohun tí mo máa ń rò ni pé: ta ló dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀? Ta ni kò rí i wọ̀?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ojú ni kó ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ àtijọ́ dé, wọ́n á mú sáńdípépà, wọ́n á ha gbogbo ọ̀dà rẹ̀ dànù, wọ́n á fi sípúréè tuntun bò ó. Ọkọ̀ á máa dán gbinrin, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti dà sílẹ̀ pẹ̀lú eruku.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ ológun dà bí ìwé tí wọ́n tò léra. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á yan ojú ibi kékeré kan, wọ́n á rọra fi sáńdípépà tó kúnná jù àti omi ha á títí yóò fi dé irin. Òrùka òrùka ló máa yọ: èyí tó wà lókè ni ti ẹni tó ni ín kẹ́yìn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀dà tó jọ iyanrìn lè jẹ́ àmì pé ó ti dé aṣálẹ̀. Nígbà mìíràn nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lò ó á yọ láàárín méjì.

Nítorí náà, kí a tó tú bóòtù kan, a ó ya fọ́tò ọkọ̀ náà lọ́tùn-ún, lósì, lókè, lábẹ́. A ó da nọ́ńbà ara ṣáàsí àti ti ẹ́ńjìnnì kọ. Gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù tí a bá tú, inú ike ni a ó kó o sí, a ó sì kọ ibi tó ti wá sára ike náà. Ẹ má fọkàn tán orí yín pé ẹ ò ní gbàgbé o!

Ìkìlọ̀ kan: ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, ìyẹn sì jẹ́ májèlé. A kì í ha á ní gbígbẹ, a kì í fa eruku rẹ̀ símú. Búréèkì àtijọ́ náà lè ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà a kì í fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: egungun

Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé bọ́dì kúrò lórí ṣáàsí. Ṣáàsí ni egungun ọkọ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń sọ irin di ìpẹtà, oṣù tí òjò fi ń rọ̀ ní Plateau yìí sì pọ̀. Bùrọ̀dá mi kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀. Irin tó yè á dún gooro bí agogo, èyí tó ti jẹrà á dún bọ́kù. Ibi tó ti jẹrà, gígé ni wọ́n ń gé e, wẹ́dà á sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi fílà dí i tó sì kùn ún, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ti Katy tún ní wàhálà mìíràn: igi ni férémù ẹ̀yìn rẹ̀. Káfíńtà ló máa ṣe ìyẹn. Igi tó bá ṣì le ni a ó fi sílẹ̀, èyí tó bá ti jẹrà nìkan ni a ó pààrọ̀, a ó sì kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ síbi tó fara sin lára rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ti àtijọ́ yàtọ̀ sí tiwa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ́ńjìnnì tó ti sùn

Ẹ má ṣe gbé bátìrì tuntun sí i kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Pisítìn lè ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà nítorí ìpẹtà, bí a bá sì fi ipá yí i, ó lè ṣẹ́. Pulọ́ọ̀gì ni a ó kọ́kọ́ yọ, a ó da ọ́ìlì tó fúyẹ́ sí ihò rẹ̀, a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni a ó fi irin ìyíko ti iwájú rọra yí i pẹ̀lú ọwọ́. Epo àtijọ́ inú táńkì ti di bí oje igi, a gbọ́dọ̀ dà á nù kí a sì fọ táńkì. Kí ọkọ̀ tó gbéra lójú kan, búréèkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Rọ́bà inú búréèkì máa ń gbẹ, ó sì máa ń là. Ọkọ̀ tó ń lọ tí kò lè dúró kì í ṣe ọkọ̀ tí a tún ṣe.

Ibi rédíétọ̀ ni Jos ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi ń jó rédíétọ̀ àtijọ́ pọ̀ jẹ́ àdàpọ̀ òjé àti tánganran, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Nígbà tí Jàpáàn gba Malaya ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàdánù tánganran ibẹ̀, ni wọ́n bá yíjú sí Plateau. Láti 1942 sí 1944, wọ́n fi ipá kó àwọn èèyàn tó lé ní 100,000 wá sí ibi ìwakùsà níbí. Àwọn adágún tó yí Bukuru ká, tí a máa ń rí lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ìwakùsà tánganran ló gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó lọ Burma jagun, àwọn tó wà níbí náà gbẹ́lẹ̀ fún ogun kan náà.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: ọ̀dà àti àmì

Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pinnu ìgbà wo nínú ayé ọkọ̀ náà ni òun fẹ́ fi hàn, kó má baà da 1942 pọ̀ mọ́ 1960. Ó sì dára kí a fi ojú ibì kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà àtijọ́ rẹ̀.

Àgbélébùú pupa ńkọ́? Àmì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tó ń sọ lójú ogun ni pé, “Má yìnbọn sí mi, aláìsàn ni mo gbé.” Àdéhùn Geneva ti 1949 dáàbò bò ó, òfin Nàìjíríà náà sì dáàbò bò ó. Ẹni tí kò gba àṣẹ kò gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri títì, kódà kó jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe máa ń fi aṣọ bo àmì náà tí wọ́n bá ń wà á.

Kí ni a lè ṣe?

Jos yìí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́. Musíọ̀mù wa ti wà láti 1952, ní 1963 sì ni wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ musíọ̀mù Áfíríkà. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ni ni pé: ṣe ìwọ̀n tó yẹ, má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, sì kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀.

A ò ní owó tí a lè fi ra Katy. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti bírò. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi tó ń bọ̀, tí ẹ sì rí ọkọ̀ àtijọ́ lẹ́yìn ilé ẹnì kan, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ yà á, ẹ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ, kí ẹ sì bi àgbà tó wà nítòsí pé ta ló wà á, kí ló gbé. Ẹ ṣe é kí kẹ̀kẹ́ bola jari tó dé.

Irin pẹlẹbẹ tí bàbá yẹn fún mi ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó sọ fún akọ̀wé. Mo ti bi àwọn àgbà àdúgbò wa léèrè ọkọ̀ náà. Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn kan ló ni ín, ẹnì kan ní bárékè ló ti wá. Bóyá ọ̀dà tó wà lábẹ́ ọ̀dà ì bá sọ ẹni tó ń sọ òótọ́ fún wa. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ọkọ̀ ni kò sí mọ́.