Porsche 911 Carrera 3.2 àti Toyota GR Yaris: Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ Pẹ̀lú Ọkọ̀ Kékeré Òde Òní

Ọdún 1983 ni ilé iṣẹ́ Porsche nílùú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 911 Carrera 3.2. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.2 onísílíńdà mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú agbára ẹṣin 231. Lójú títì ìgbà náà, ọkọ̀ tó lè lé e bá kò pọ̀. Toyota GR Yaris tó jáde ní Japan ní 2020 kéré lójú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, sílíńdà mẹ́ta péré ló sì ní. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Yúróòpù ní agbára ẹṣin 261.

Tọ́bò tó wà lára ẹ́ńjìnnì Yaris ló fa ìyàtọ̀ yìí. Èéfín tó ń bọ̀ wá gba sàláńsà jáde ló ń yí i, òun náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ wọnú sílíńdà ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, epo tó lè jó níbẹ̀ á pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Yaris àkọ́kọ́ yẹn fi ń sáré láti orí ìdúró dé kìlómítà 100 láàárín wákàtí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5.5, tí Porsche sì ń lo bíi 6.1. Tó bá jẹ́ ọ̀nà gbọọrọ ni, Porsche ló máa borí: ó lè dé 245, nígbà tí Toyota ti fi òté lé ti Yaris sí 230.

Orí kọ́nà ni ìyàtọ̀ tó wúwo jù wà. Ẹ́ńjìnnì Porsche kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì wúwo. Bí awakọ̀ bá sáré wọ kọ́nà, tí ẹ̀rù bà á, tó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ásẹ́lẹ́rétọ̀ lójijì, ìwúwo á sún síwájú, táyà ẹ̀yìn kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ yí wá síwájú. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó máa gbà á sílẹ̀. Kò ní ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ìgbà tí irú 911 tó tẹ̀ lé e dé ní 1989 ni Porsche tó fi í sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì Yaris ń yí ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń ṣọ́ táyà kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ọwọ́ awakọ̀ ń mọ gbogbo ohun tí táyà Porsche ń ṣe, torí kò sí ẹ̀rọ tó ń bá a yí ìdarí. Adùn yìí ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yára láìséwu, Yaris ni kó mú. Ẹni tó bá mú Porsche, kó kọ́ ìwà rẹ̀ dáadáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ kó tó wà á nínú òjò.