Omi Bátìrì: Orúkọ Kan, Nǹkan Méjì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún èdè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó yẹ kí a wò kí a tó fún un ní orúkọ. Àpẹẹrẹ kan wà nídìí bátìrì tí a ń bu omi sí, èyí tí a ń lò pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì sólà ní Èbúté Ìkòròdú àti ní ibòmíràn tí iná ìjọba kò ti dúró déédéé.

Gaston Planté, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Awo òjé ni ó wà nínú rẹ̀, tí a rì sínú ásíìdì imí-ọjọ́ tí a ti bu omi là. Lẹ́nu ọjà, orúkọ kan náà, omi bátìrì, lè bọ́ sórí ásíìdì yìí, ó sì lè bọ́ sórí omi tí a fi ń dí èyí tí ó bá dín kù.

Níbẹ̀ ni ewu wà. Bí bátìrì bá ń gba iná, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yó, iná náà a máa tú omi inú rẹ̀ sí gáàsì méjì, háídírójìn àti ọ́síjìn, wọn a sì fẹ́ lọ. Ásíìdì kì í bá wọn lọ. Nítorí náà, omi ni ó dín kù, omi ni a ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá bu ásíìdì sí i yóò mú kí ó le jù, yóò sì jẹ àwọn awo náà.

Omi kànga kò yẹ, pàápàá ní etí ọ̀sà, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ ń ba awo jẹ́. Omi tí ó yẹ ni èyí tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀, tí ooru náà sì tutù, tí ó ń kán sínú ìgò, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń se ògógóró ti ń ṣe. Láti inú iṣẹ́ yìí ni a lè ti fa orúkọ yọ: omi àsèkán. Èkejì, kí ó máa jẹ́ ásíìdì bátìrì, kí a má sì pè é ní omi mọ́.

Pẹ̀lú orúkọ méjèèjì, ìlànà ìtọ́jú yóò hàn kedere. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti gba iná yó ni a ń bu omi àsèkán sí i, nítorí ohun inú rẹ̀ a máa ru sókè bí ó bá ń gba iná. Ṣùgbọ́n bí awo bá ti yọ síta, kí a kọ́kọ́ bù ú bò wọ́n. Ilé mẹ́fà ni bátìrì volt 12 ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó fi òṣùwọ̀n kíki yẹ̀ wò, ìyẹn ohun èlò onígò àti rọ́bà tí a fi ń fa ásíìdì láti mọ bí ó ti ki tó. Bí omi lásán bá jẹ́ 1.000, ti bátìrì tí ó yó yóò tó nǹkan bí 1.265, bí ó bá sún mọ́ 1.120, iná rẹ̀ ti tán. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, ohun funfun líle kan, tí a lè pè ní ẹfun òjé, yóò dì mọ́ awo. Kí àbẹ́là àti sìgá jìnnà sí i pẹ̀lú, nítorí háídírójìn ń gbiná.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí owó bátìrì nìkan. Bátìrì tí ó bàjẹ́ ṣáájú àkókò lè dé ibi tí a ti ń yọ́ òjé. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́bàá Ìkòròdú, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kó májèlé òjé bá àwọn ará ìlú. Òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ bá àwọn tí ń tún bátìrì ṣe jókòó, kí wọ́n sì jọ yan orúkọ tí yóò ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ásíìdì.